Pèpéle Ẹ̀yìn Ilé Glenys

…torí náà, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Pákó rẹ̀ ti jẹrà. — Glenys
(Ara ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.)

2

Ilé wọn wà lára òkè, ní Wales. Ọgbà wà nísàlẹ̀ pátápátá. Orí pèpéle onípákó yẹn nìkan lèèyàn ń gbà sọ̀kalẹ̀ débẹ̀. Emrys, ọkọ Glenys, tí rọpárọsẹ̀ gbé jókòó sórí àga onítáyà, kò tíì fojú kan líìkì rẹ̀, ewébẹ̀ tó jọ àlùbọ́sà eléwé, nítòsí láti ìgbà òtútù. Ojú fèrèsé ló ti ń pàṣẹ bí ọba.

— Glenys! Ó ti sún mọ́ra jù!
— Sọ̀kalẹ̀ wá gbìn ín fúnra rẹ!

Bó ti sọ ọ́ tán ló kábàámọ̀. Emrys ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

3. ÌKÉDE
*(lára òpó iná, nínú òjò)*

Ìyáàfin Glenys Probert ń tọrọ àṣẹ láti wó pèpéle ẹ̀yìn ilé rẹ̀, kí ó sì kọ́ òmíràn tó ga dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà, tí àga onítáyà yóò lè gbà sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá ní àtakò, kó kọ̀wé sí kánsù.

5

(Ìkẹrin sọnù. Ẹ má wá a.)

6. ÀTAKÒ

Wọn yóò máa wo inú ọgbà mi láti orí rẹ̀.
Idwal Pugh, ilé ìpẹ̀kun.

7

Idwal! Idwal tó kí i láàárọ̀ yẹn gan-an lórí fẹ́ǹsì!

— Òjò ń bọ̀, Glenys.
— Ó ń bọ̀, Idwal.

Ọ̀rọ̀ òjò lèèyàn ń bá aládùúgbò sọ níbí. Kánsù lèèyàn ń sọ tinú fún.

8

Inú bí Glenys débi pé ó yan àkàrà òyìnbó, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà ṣe nǹkan mìíràn. Ló bá gbé e lọ kan ilẹ̀kùn.

GLENYS: Kí lo gbìn sínú ọgbà tá ò gbọdọ̀ rí?
IDWAL: Bẹ́ǹṣì Nesta ni.

*(Nesta, ìyàwó rẹ̀, ti kú.)*

IDWAL: Ibẹ̀ ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ láràárọ̀. Ojú ń tì mí.
GLENYS: Idwal, pákó lásán ló wà láàárín wa. Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ọ.
IDWAL: Ẹ̀yin méjèèjì?
GLENYS: Emrys a tiẹ̀ máa pa rédíò. Ó ní títí dòní, o ò tíì borí Nesta lẹ́ẹ̀kan nínú àríyànjiyàn.

*(Idwal rẹ́rìn-ín. Ó sunkún díẹ̀. Ó mú àkàrà kan.)*

9. SÍ KÁNSÙ

Mo fa àtakò mi padà. Pugh.

10. LÁTI KÁNSÙ

A ti rí ìwé yín. Ìpinnu ń bọ̀. Ẹ má tíì kan ìṣó kankan.

11

Ilé ìpẹ̀kun ni ti Idwal. Ọ̀nà kan tó tẹ́jú gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wọ ọgbà rẹ̀. Gbogbo ìgbà yìí! Ẹnikẹ́ni ò bèèrè, ẹnikẹ́ni ò sì yọ̀ǹda.

Idwal fa pákó fẹ́ǹsì tó wà láàárín ọgbà méjèèjì tu. Glenys ń ti àga bọ̀.

— Idwal, ṣé kánsù fọwọ́ sí èyí?
— Òjò ń bọ̀, Emrys. Wọlé.

12. ÌPINNU KÁNSÙ

(Kò tíì dé.)

13

Emrys nà síwájú lórí àga, ó fọwọ́ kan ewé líìkì rẹ̀.

— Mo sọ fún ọ. Ó sún mọ́ra jù.

Glenys fi ọkọ́ kékeré lé e lọ́wọ́.