Ẹlẹ́dẹ̀ Inú Gbọ̀ngàn Ijó

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ààfin wa ṣeré o! Ìdajì rẹ̀ ti di òtẹ́ẹ̀lì, ìdajì tó kù jẹ́ ilé ohun àtijọ́, èmi Bogumiła ni mo sì ń fi í han àlejò láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn ijó mi láìkọ́kọ́ ki bàtà rẹ̀ bọ sálúbàtà ńlá onírun àgùntàn, kó má baà dá àpá sí pákó ilẹ̀.

Àpá kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó jìn dáadáa. Mo máa ń sọ fún àlejò pé ọba kan ló gun ẹṣin wọlé wá jó. Ta ló sọ fún mi? Ẹnu mi ni! Zenobi tó ni òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ hú pákó náà, kó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kó sọ gbọ̀ngàn di ilé oúnjẹ. Ìtàn ẹṣin ọba tí àlejò ń tìtorí rẹ̀ wá nìkan ló ń dá a dúró. Bí gbọ̀ngàn bá lọ, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn.

Ní Sátidé kan, ìyá arúgbó kan kọ̀ jálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò wọ sálúbàtà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀ ọ́."

"Èmi Genowefa? Ilẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ mi ń tọ̀ sí ni kí n máa rọra tẹ̀? Olúwa má jẹ̀ẹ́!"

"Ẹlẹ́dẹ̀ kẹ̀?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni mo wí. Nígbà tí ìjọba gba ààfin yìí, tí wọ́n sọ ọ́ di oko ẹlẹ́dẹ̀, èmi ni mò ń bọ́ wọn. Wo àpá yẹn! Balbina ló fẹsẹ̀ wà á lọ́jọ́ tó ń rọbí. Ọmọ mẹ́rìnlá!"

"Màmá, ẹṣin ọba ni."

"Ọba wo? Ṣé ó sanra tó Balbina?"

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti bá mi lójú gbogbo ayé. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Àfi bí Zenobi ṣe yọ.

"Háà, Màdáámù Bogumiła! Ẹlẹ́dẹ̀ lẹ̀ ń pè ní ẹṣin fún mi látọjọ́ yìí? Ọ̀la ni káfíńtà ń bọ̀."

Ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Àmọ́ àwọn àlejò ti fi sálúbàtà yọ̀ lọ bá ìyá náà. Ọ̀kan ń ya fọ́tò. Òmíràn nà gbalaja, ó ń fọwọ́ wọn àpá. Obìnrin kan láti ìlú Kraków ní yàrá tó súnmọ́ ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ bímọ sí lòun fẹ́ sùn sí. Zenobi gbọ́, ó họrí.

"Káfíńtà ò wá mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọ̀la, Màmá Genowefa ni yóò máa sọ̀tàn. Ẹ̀yin, ẹ máa pín sálúbàtà."

Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Mi ò sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, ogójì àlejò pé jọ. Genowefa nàka sílẹ̀.

"Ẹlẹ́dẹ̀ bímọ níbí. Ó tán."

Àlejò ń wo ara wọn. Òógùn bo ìyá náà, ó yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, gbà mí o."

Mo da sálúbàtà sílẹ̀, mo tún gèlè mi so.

"Ẹ̀yin ará," mo ní, "ìdílé ọba ni Balbina ti wá."