Orin Ìdí Òfì ní Paparanda

Nígbà tí dókítà ní Àbújà sọ fún Ruth pé jẹjẹrẹ ló wà ní gógóńgò rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ bi í ni ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ. Dókítà dá ọjọ́ fún un. Ruth ṣírò, ó rí i pé eré orin tí òun àti àbúrò rẹ̀ fẹ́ ṣe ní pápá Paparanda ní Lọ́kọ́jà yóò ti wáyé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

“Tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ṣé mo ṣì lè kọrin?”

Dókítà wolẹ̀. “Mà, ẹ ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́.”

Múyìwá, àbúrò rẹ̀, ló wa ọkọ̀ padà sí Lọ́kọ́jà. 

Ọmọ Bùnú nílẹ̀ Ọ̀kun ni wọ́n. Òfì ni ìyá ìyá wọn ń hun lábúlé, orin sì ni òun àwọn obìnrin yòókù máa ń kọ bí wọ́n bá ti jókòó sídìí rẹ̀. Orin mọ́kànlá ni. Ruth mọ gbogbo wọn láti kékeré. Àwọn obìnrin yẹn ti kú tán, àwọn ọmọ wọn ò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń hunṣọ. Ruth tó ń to fáìlì ní sẹkitéríàtì láti àárọ̀ dọ̀sán ló kù tó mọ̀ wọ́n.

Múyìwá ò mọ orin. Ìlù ló mọ̀. Ẹnjiníà ará Íńdíà kan tó gbé Ajaokuta rí ló kọ́ ọ ní tábílà, ìlù kékeré méjì tí wọ́n ń fi ọmọ ìka lù. Lọ́jọ́ kan, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó ń lù ú níwájú ilé Ruth ní Lokongoma, Ruth sì gbé orin òfì lé e láìròtẹ́lẹ̀. Ṣe ni ìlù àti orin bọ́ sínú ara wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń ṣe é. Alfred, olùkọ́ yunifásítì kan ní Adankolo tó ń ta gìtá, ló gbọ́ wọn, òun ló sì ṣètò eré Paparanda.

“Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká gba àwọn orin yẹn sórí fóònù kí ọjọ́ tó pé,” Múyìwá bẹ̀ ẹ́.

Ruth gbà. Ó kọ méjì, ó ń húkọ́ láàárín wọn. Nígbà tó gbọ́ ohun tí fóònù gbà, ó mi orí.

“Pa á rẹ́.”

“Àǹtí mi...”

“Ẹni tó bá gbọ́ èyí, á rò pé báyìí ni ìyá wa àgbà ṣe ń kọ ọ́. Pa á rẹ́, Múyìwá.”

Ó dúró tì í títí ó fi pa á rẹ́.

Lọ́sàn-án Sátidé tí eré náà bọ́ sí, ooru mú débi pé àwọn tó wá kó àga wọn sábẹ́ igi. Wọn ò tó ogójì. Àwọn Nupe kan kọ́kọ́ ṣeré, ó sì dùn. Lẹ́yìn náà ni Ruth àti Múyìwá bọ́ síta. Orin àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ohùn Ruth há, àmọ́ ó gbé e dé òpin, obìnrin kan sì dìde, ó pariwo ìkíni ilẹ̀ wọn pé, “Ọkun o!” Ruth rẹ́rìn-ín.

Nínú orin kejì, ibì kan wà tí ohùn gbọ́dọ̀ gun òkè. Ruth ya ẹnu, èémí nìkan ló jáde. Múyìwá rò pé ó dúró sinmi ni, ó ń lu ìlù lọ, ó ń dúró dè é. Ruth tún gbìyànjú. Kò sí nǹkan kan.

“Máìkì yẹn ti bàjẹ́!” ẹnì kan kígbe.

Ọkùnrin tó ń ṣètò ẹ̀rọ sáré gbé òmíràn wá. Ó gbá a lórí, “Hálò, hálò,” ohùn rẹ̀ sì dún ká gbogbo pápá. Ó gbé e fún Ruth. Ruth gbé e sẹ́nu, gbogbo èèyàn sì gbọ́ èémí rẹ̀, bó ṣe ń já, bó ṣe ń fà. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́ lójijì.

Múyìwá fi ẹnu ara rẹ̀ gbé orin náà. Ìlà méjì péré ló mọ̀, ó sì ṣi ọ̀rọ̀ pè nínú ìkejì. Ruth wò ó, ó mi orí, ó gbé máìkì sórí àga, ó lọ jókòó sẹ́yìn. Alfred jáde wá pe àwọn tó kàn.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ Túsìdé. Nígbà tí Ruth padà sílé, ìwé ló fi ń sọ̀rọ̀. Múyìwá ń wá lẹ́yìn iṣẹ́. Ruth kọ ọ̀rọ̀ orin kan sílẹ̀ fún un, Múyìwá sì fẹnu wá ohùn rẹ̀. Ó gbé e sókè, Ruth mi orí. Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, Ruth mi orí. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ lórí orin kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ kẹta, Ruth gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: “Ó tó. Ohùn rẹ̀ ò lè bọ́ sípò mọ́. Lọ bu oúnjẹ wá.”

Múyìwá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná lọ.