Hóró Kan Nínú Ìṣẹ́tí

Ní àárọ̀ Sátidé kan, aránṣọ bá hóró oògùn nínú ìṣẹ́tí aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, ó sì fi í han bàbá ọmọ náà.

Ìka rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ó gbé aṣọ náà lé ẹsẹ̀, ó fẹ́ tú u lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè fẹ̀ sí i, torí dókítà ti ní kò ní pẹ́ tí ọmọ náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Bó ṣe ń fa ìsàlẹ̀ aṣọ gba àárín ọwọ́ rẹ̀ kọjá, nǹkan líle kan kan àtàǹpàkò rẹ̀. Ó rò pé bọ́tìnnì ni. Ìgbà tó wò ó dáadáa ló rí i pé ẹnì kan ti já òwú níbi kan, ó sì ti fi òwú àwọ̀ mìíràn rán an padà, wúruwùru. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọdé. Ó fi ẹnu àlùmọ́gàjí tú u. Hóró funfun kan bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti yọ́ díẹ̀, bí ohun tó ti wọ ẹnu rí.

Ó mọ oògùn náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fún ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láràárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé.

Òkòtó ni bàbá ọmọ náà sọ ọ́ láti ìgbà tó ti ń rìn, torí ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló máa ń parí sí. Orúkọ yẹn mọ́ ọn lára. Dókítà ní kì í ṣe àìgbọ́ràn, kì í sì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́: bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ọkàn rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Oògùn náà ràn án lọ́wọ́. Ó ń jẹ́ kó jókòó, ó ń jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ìparí. Àmọ́ kì í jẹ́ kí ebi pa á. Ọmọ náà ń gbẹ. Ni dókítà bá ní kí wọ́n máa fún un ní ìsinmi.

"Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹ má fún un," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó sáré, ẹ jẹ́ kó jẹun, ẹ jẹ́ kó dàgbà."

Sátidé náà sì ni bàbá rẹ̀ máa ń wá mú un. Wọn kò gbé pọ̀ mọ́, òun àti aránṣọ. Ọkùnrin náà ń tún aago ṣe. Ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ló ní, aago bo ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀, àwọn irin tó wà lórí tábìlì rẹ̀ kò sì tóbi ju imú abẹ́rẹ́ lọ. Sátidé àkọ́kọ́ tí ọmọ náà lọ síbẹ̀ láìlo oògùn, ó fi ìgúnpá gbá àwo irin náà ṣubú. Orí ìkúnlẹ̀ ni bàbá rẹ̀ wà títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń fi iná wá irin kiri ilẹ̀. Ó dá ọmọ padà sílé. Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò wá. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, kò wá.

Nígbà tó tún padà wá, ó dà bíi pé ọmọ mìíràn ló mú lọ. Òkòtó jókòó tì í, ó ń bá a di iná mú, ó ń na ẹ̀mú kékeré sí i bí ẹni tí wọ́n bí sídìí iṣẹ́ náà. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu.

"Lọ́dọ̀ mi, láìsí oògùn kankan, jẹ́ẹ́ ló ń jókòó," ó sọ fún aránṣọ. "Ìyá Òkòtó, ọmọ yìí ò ṣàìsàn. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ló wà lórí rẹ̀. Ariwo tìrẹ náà sì ń bẹ."

Aránṣọ bú u lójú. Àmọ́ nígbà tó ku òun nìkan, ó gbà á gbọ́. Ìyẹn ló dùn ún jù. Obìnrin tó lè wo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan kó mọ ìwọ̀n ìbàdí rẹ̀ kò wá mọ ọmọ tó bí.

Olùkọ́ Òkòtó ní ilé-ìwé sì ń ránṣẹ́ pè é. "Mọ̀ńdè dára, Túsìdé dára. Fúráìdé nìkan ni ọmọ yín ń fi kíláàsì mi ṣe pápá ìṣeré."

"Ẹ wádìí ara yín wò, Tíṣà," aránṣọ dá a lóhùn. "Bóyá ẹ̀yin ni Fúráìdé ń dà láàmú."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni bàbá ọmọ wá sọ ọ́ gbangba: òun fẹ́ kí Òkòtó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n sì da oògùn yẹn nù pátápátá. Aránṣọ gbà fún un. Báàgì ọmọ náà ti wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn láti àná.

Ó di hóró náà mú sí àtẹ́lẹwọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

"Òkòtó!"

Ọmọ náà jáde láti yàrá pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó ń sọ̀rọ̀ bọ̀, nípa aláǹgbá kan lójú fèrèsé, nípa bàtà kejì, nípa aláǹgbá náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Oògùn."

"Mo mọ̀ pé oògùn ni, ojú mi ò fọ́. Kí ló ń wá nínú aṣọ?"

"Ti Fúráìdé ni." Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Abẹ́ ahọ́n ni mo máa ń fi sí tí ẹ bá fún mi. Mo máa ń lò ó ní Sátidé, kí Bàbá tó dé."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Tí mi ò bá lò ó, Bàbá máa ń dá mi padà." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa ń rọ̀. "Ẹ fún mi, Màmá. Bàbá ti ń bọ̀ o. Oògùn náà kì í tètè ṣiṣẹ́."

Inú aránṣọ kọ́kọ́ dùn. Ká sọ òótọ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kì í ṣe òun. Kì í ṣe ariwo òun, kì í ṣe ọwọ́ òun. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá wo ọrùn ọmọ náà, tí eegun hàn nínú rẹ̀ bíi ti ẹyẹ, ó sì yé e ìdí tí ìsinmi kò fi mú ọmọ sanra. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti padà wá, ọmọ kò tíì rí Sátidé kan sinmi; Fúráìdé tó sì fi rọ́pò rẹ̀, ilé-ìwé ló ti ń lò ó tán, níbi tí kò ti sí oúnjẹ ilé.

"Tó o bá wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò máa fún ẹ?"

Ọmọ náà ti ro ìyẹn. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ̀yin. Ẹ máa rán an sínú ìṣẹ́tí aṣọ mi, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Bàbá kì í wo ìṣẹ́tí. Ẹ sì mọ̀ ọ́n rán jù mí lọ, kò ní hàn."

Àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ lò lè rí orúkọ dídùn fún irú nǹkan báyìí. Aránṣọ kò rí i.

Bàbá ọmọ kan ilẹ̀kùn, ó ti wọlé kí wọ́n tó dá a lóhùn. Àga kékeré kan wà lábẹ́ apá rẹ̀, igi tuntun, ó ṣì ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkòtó mi dà? Wá wo ohun tí mo ṣe fún ẹ. Wá fi ìdí dán an wò. Ọ̀gá mi, ìwọ nìkan ni yóò máa jókòó lórí rẹ̀."

Ọmọ náà dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó ń mi orí sí ìyá rẹ̀. Ó ń mi í, ó ń mi í.

Aránṣọ la ọwọ́.

"Ohun tó ń jókòó tì yín ní ṣọ́ọ̀bù nìyí," ó wí. "Ó ń fi ti Fúráìdé pamọ́ de ọjọ́ yín. Ó lọ rán an sínú aṣọ."

Ọkùnrin náà mú hóró náà, ó gbé e súnmọ́ ojú bó ṣe máa ń gbé irin aago.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ẹ ò wá," aránṣọ wí.

"Ṣé èmi ni mo ní kó lò ó?"

"Ẹ ò ní kó lò ó. Ẹ kàn ò wá ni."

Ó gbé hóró náà padà lé tábìlì, wẹ́rẹ́. "Ó dáa. Jẹ́ ká máa lọ báyìí, láìlo nǹkan kan. Ọmọ mi ni. Ṣé ẹranko ni?"

"Màmá," ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ ti fẹ́ di ẹkún, "ẹ gé e sí méjì. Ẹ fún mi ní ìlàjì péré."

Aránṣọ ju hóró náà sínú agolo tó ń kó abẹ́rẹ́ sí, ó dé e. Ó so okùn bàtà ọmọ. Bàbá gbé báàgì, ó gbé àga, wọ́n lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn kò sọ ohun tí òtítọ́ máa ń ṣe tó bá bá a tán.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n padà dé. Báàgì náà bá wọn dé. Àga kò bá wọn dé. Òkòtó ló kọ́kọ́ wọlé, búrẹ́dì lẹ́nu, búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Màmá! Gbogbo aago ló jọ ké lẹ́ẹ̀kan náà! Mo yí gbogbo wọn sí méjìlá, àwọn tó wà lókè náà, mo gun àga mi! Mo fẹ́ kí wọ́n jọ kọrin fún Bàbá. Ògiri ń gbọ̀n! Ìyá kan tó wá gba aago rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú."

"Bàbá náà rẹ́rìn-ín?"

Ọmọ náà yíjú wo bàbá rẹ̀.

"Kò ba nǹkan kan jẹ́," ọkùnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọmọ dáadáa ni. Aago àwọn oníbàárà kàn ni… ó yẹ kí n lọ tò wọ́n padà." Ó gbé báàgì náà sí ibi tó ti gbé e láàárọ̀, gẹ́lẹ́. "Iṣẹ́ máa pọ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màá ránṣẹ́."

Aránṣọ mọ ohùn yẹn. Òun náà máa ń lò ó. Ohùn tí oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń dá ohun tí kò lè tún ṣe padà fún ẹni tó ni ín ni. Kò rí i bú. Ojú ọkùnrin náà pọ́n, kò sì jẹ́ kí ọmọ rí i.

Ọmọ náà jẹun ọ̀sán, ó tún bù sí i. Ìyá rẹ̀ jókòó, ó ń wò ó. Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró de irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀.

"Mo sọ fún yín," Òkòtó wí, oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀. Kò pariwo. Kò tún sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó sanra lóòótọ́. Aránṣọ tú aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, nígbà tó ṣe ó tún tú u. Inú dókítà dùn. Olùkọ́ náà ní Fúráìdé ti rọlẹ̀. Bàbá ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, pé iṣẹ́ ṣì pọ̀, pé kí wọ́n máa bá òun kí Òkòtó. Ọmọ náà béèrè ẹni tó ń jókòó lórí àga òun. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ní Sátidé, ilé kì í gba ọmọ náà. Á kọrin, á da abẹ́rẹ́ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mẹ́ta kó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ wá aláǹgbá. Àmọ́ tó bá di àkókò tí bàbá rẹ̀ máa ń kan ilẹ̀kùn, á lọ dúró sójú fèrèsé, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé igi rẹ̀. Kò ní mi ẹsẹ̀. Kò ní sọ̀rọ̀. Aláǹgbá á kọjá níwájú rẹ̀, kò ní wò ó.

Aránṣọ á dá ẹ̀rọ dúró. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń rìn ló ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí òun rí i tó dúró lójú kan, láìlo nǹkan kan.