Ẹja Tí Kò Léegun

Oòrùn ń wọ̀ sínú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Omi pọ́n bí epo tuntun, ó ń rú, ó ń rọ̀, ó ń lá ẹsẹ̀ pákó ilé oúnjẹ Àlàájà Sẹ̀kínátù. Èéfín ẹja yíyan ń gòkè. Ìyá kan àti bàbá kan jókòó sídìí tábìlì tó sún mọ́ omi jù, wọn ò mú ọmọ dání.

Ìwọ tí ò ń kọjá, o lè rò pé ìgbádùn ni wọ́n bá wá. Òun náà sì ni wọ́n máa ń bá wá tẹ́lẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọn a gbé Wàsílá, ọmọ wọn kan ṣoṣo, lọ fún ìyá ọkọ, wọn a sì yọ́ jáde bí olè, Múfútáù níwájú, Rífíkátù lẹ́yìn, wọn a máa rẹ́rìn-ín. Ẹ wo àgbàlagbà méjì tó ń sá fún ọmọ ọdún mẹ́fà! Ọmọ yẹn kì í jẹ́ kí èèyàn gbádùn ọ̀rọ̀: ìbéèrè láàárọ̀, ìbéèrè lálẹ́, kí ló dé tí ẹja kì í sunkún, ta ló ń pọn omi sínú ọ̀sà. Ìsinmi díẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Ìsinmi ti wá dé báyìí o. Ó dé, ó pọ̀ jù. Ibà ọjọ́ díẹ̀ ló mú Wàsílá lọ nígbà tí òjò ń dáwọ́ dúró, wọ́n sì sin ín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Láti ìgbà náà, ilé dákẹ́, àga dákẹ́, àwo dákẹ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló di ìrọ̀lẹ́ tí kò sọ́mọ.

Àwọn èèyàn wá, wọ́n kí wọn. Omi ló dànù, wọ́n ní, agbè ò fọ́. Rífíkátù ṣe àmín, torí ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n inú bí i. Omi tó dànù yẹn gan-an ni òǹgbẹ rẹ̀ ń gbẹ ẹ́. Kò béèrè òmíràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èyí tó wá dùn ún jù ni ti ọkọ rẹ̀. Múfútáù ò sunkún. Múfútáù ò pe orúkọ ọmọ náà látọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Ó ń jí lọ síbi tó ti ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ó ń dé, ó ń wẹ̀, ó ń sùn. Àwọn àgbà ní kó ṣe ọkàn akin, òun náà sì gbọ́ràn, ó gbọ́ ọ kọjá bó ṣe yẹ. Rífíkátù ti pinnu nínú ara rẹ̀: bí ìrọ̀lẹ́ òní bá tún kọjá tí ọkùnrin yìí ò dárúkọ ọmọ òun, òun á kó ẹrù òun lọ sílé ìyá òun ní Ìkòròdú lọ́la. Báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹni tó ti gbàgbé gbélé?

Múfútáù ló ní kí wọ́n jáde wá, kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn. Àlàájà rí wọn, kò pe Rífíkátù ní Ìyá Wàsílá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹ kú ìrọ́jú ló ní, ó sì padà sídìí iná rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé èpìyà yíyan ńlá kan wá pẹ̀lú dùndún àti ata díndín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú àwo kan náà.

Wò ó nísinsìnyí. Wo ọwọ́ ọkùnrin náà.

Èpìyà dùn, ṣùgbọ́n eegun rẹ̀ pọ̀, ó sì tín-ín-rín. Ọwọ́ Múfútáù, ọwọ́ tí gíríìsì ti sọ èékánná rẹ̀ di dúdú, wọ inú ẹja. Ó fa eegun kan yọ, ó gbé e sọ́tọ̀. Ó fa òmíràn. Ó ń fi ìka méjì tẹ ẹran ẹja náà wò, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń wá èyí tó sá pamọ́. Ó ń kó èyí tó mọ́ jọ sétí àwo, kò sì jẹ nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lórí omi, níbi tí ọkọ̀ kan ti ń wọlé. Ojú ò mọ̀. Ẹnu ò mọ̀. Ọwọ́ nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe. Kò sígbà tí wọ́n jẹun níbí tí wọn ò di ẹja lọ sílé fún Wàsílá. Eegun sì ti há ọmọ náà lọ́fun rí, ẹ̀rù bà wọ́n gidigidi. Láti ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun ṣa eegun ẹja rẹ̀. Á ṣa á tán, á tún un ṣa, kó tó gbà kí wọ́n wé e.

Rífíkátù rí i. Dùndún tó mú dání ò dé ẹnu mọ́. Ó ń wo òkìtì ẹja kékeré yẹn, funfun, mímọ́, ìwọ̀n tó lè yó ọmọ ọdún mẹ́fà. Ṣé ọkùnrin tóun ní ó ti gbàgbé nìyí?

Ó fẹ́ pè é, kò lè pè é. Bàbá Wàsílá ló máa ń pè é láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ, orúkọ mìíràn ò sì sí lẹ́nu rẹ̀. Ó kàn na ọwọ́, ó gbé e lé ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

Ọwọ́ náà dúró. Múfútáù bojú wo àwo, ó wo òkìtì ẹja náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kó o síbẹ̀. Omijé tí kò dà nílé, tí kò dà létí sàréè, wá ń dà níbí, lójú gbogbo ayé, sórí oúnjẹ.

Wàsílá, ó ní. Wàsílá ò ní jẹ ẹ́ mọ́.

Rífíkátù ń sunkún, ó ń mi orí. Kò ní lọ sílé ìyá ẹnikẹ́ni lọ́la. Ibo ló fẹ́ lọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹni kan ṣoṣo láyé tí ikú yìí pa bó ṣe pa òun ló jókòó síwájú rẹ̀ yìí?

Ẹja ń tutù, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin náà tún pe orúkọ náà, obìnrin náà sì bá a pè é. Wàsílá. Wàsílá. Kò sẹ́ni tó jẹ́. Wọ́n tún pè é.