Ìwọ̀n Agnes

Àńkárá náà padà wálé bó ṣe lọ, láìgé, láìrán. Agnes gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì nínú ọ̀rá dúdú tó fi gbé e jáde lọ́jọ́ kìíní, ó fà á yọ díẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ lè fojú ara rẹ̀ rí i, ó sì jókòó láìbọ́ bàtà.

"Ganiyat télọ̀ mi ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́," ó wí. "Wọ́n ní ara ìyá rẹ̀ ò yá. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló fi aṣọ náà sí lọ́wọ́."

Julius, ọkọ rẹ̀, tó ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, dáwọ́ dúró. Ọjọ́ Sátidé ni. Lọ́la ni Ọjọ́ Àwọn Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn níbẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, Agnes ni wọ́n sì yàn pé kó ka Bíbélì níwájú gbogbo ìjọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ọjọ́ náà. Àńkárá yìí, aláwọ̀ búlúù tó ní òdòdó funfun wẹ́wẹ́, ló fẹ́ fi rán gáùn tó máa wọ̀.

Ó yẹ kí Julius káàánú. Ó káàánú lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti dùn kí ó tó rántí pé kò yẹ kó dùn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ nípa ọkùnrin yìí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń rán aṣọ ara rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Télọ̀ kan ló já a kulẹ̀ lọ́dún Àjíǹde, nítorí télọ̀ àti irọ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Julius fi ìbínú gba Ìkòtún lọ, ó sì ra ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù bọ̀ wálé. Ṣòkòtò tó kọ́kọ́ rán, ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ń tiro díẹ̀díẹ̀, kí àwọn èèyàn lè rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Nígbà tó yá, ìbínú lọ, ìfẹ́ iṣẹ́ náà kò lọ. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, kò sí ohun tó tún wù ú bíi kó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ láàárọ̀, kí rédíò máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kó sì máa wo bí etí aṣọ méjì ṣe ń di ẹyọ kan lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, tí ọrùn bùbá ń wọ́ sápá kan, Agnes ń wọ ohun tó bá rán, á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ilé. Ọwọ́ Julius wá mọ́ iṣẹ́ náà tán, obìnrin náà kó gbogbo aṣọ rẹ̀ tọ Ganiyat lọ. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ọmọ́níyì tó wà ní ojúlé kejì béèrè bóyá Julius lè bá òun rán síkẹ́ẹ̀tì. Julius wà lẹ́yìn fèrèsé, ó sì gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ dáhùn pé, "Ọkọ mi kì í ṣe télọ̀ o." Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ṣùgbọ́n kò dà nínú rẹ̀. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ojú ló ń ti Agnes, kí ayé má baà sọ pé ọkùnrin náà fẹ̀yìn tì tán, ó wá di alábẹ́rẹ́.

"Gbé e wá," ó wí báyìí. "Màá rán an kí ilẹ̀ tó ṣú."

Agnes wo aṣọ, ó wo ọkọ rẹ̀. "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá Pẹ̀lúmi. Mo lè wọ léèsì mi."

"Léèsì wo? Èyí tí gbogbo ìjọ ti mọ̀ bí ẹni mowó yẹn?"

Ẹ̀rín sọ lẹ́nu Agnes. Ó jókòó pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde. Ó wọ yàrá lọ, ó sì mú gáùn kan jáde, aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tó máa ń wọ̀ lọ sí ìpàdé.

"Ẹ fi èyí ṣe àwòṣe," ó wí. "Ó bá mi mu dáadáa. Ẹ ò tún nílò àtiwọ̀n mí."

Ó gba ilé ìdáná lọ. Julius ń súfèé. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí tábìlì, ó wá ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó wá àlùmọ́gàjí. Ẹni tí kì í bá ránṣọ, ojú aṣọ ló máa ń wò. Ẹni tó bá ń ránṣọ, inú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yí síta. Julius yí gáùn náà síta, súfèé rẹ̀ sì dá.

Ojú ìrán mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáùn náà, ọ̀kan nínú èkejì. Òwú àkọ́kọ́ jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ bíi ti aṣọ. Èyí tó tẹ̀ lé e sínú jẹ́ dúdú. Èyí tó wà nínú pátápátá jẹ́ funfun, ó sì wọ́, bí ohun tí wọ́n fi ìkánjú rán. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kejì, bákan náà ni. Wọ́n ti dín gáùn náà kù, wọ́n tún dín in kù, wọ́n sì tún padà wá dín in kù.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin a máa fẹ́ kí aṣọ fún mọ́ àwọn lára. Àmọ́ Agnes kọ́. Agnes tí kì í jẹ́ kí ọmọ wọn, Pẹ̀lúmi, wọ aṣọ tó fún kọjá ẹnu ọ̀nà kó tó lọ sílé ọkọ. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó ṣí àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fa gáùn tí Agnes wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ náà jáde. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé gáùn aláwọ̀ ilẹ̀ lé e lórí. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n tẹ́ aṣọ ọmọ sórí aṣọ ìyá rẹ̀.

Julius jókòó.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó wá ń rántí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ọdún tó kọjá parí, ààwẹ̀ Agnes kò parí. Ó ní gàrí ń dà á nínú rú, ó fi gàrí sílẹ̀. Ó fi búrẹ́dì sílẹ̀, ó fi mínírà sílẹ̀. Bùbá fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń wọ̀ nínú ilé, bó bá sì fẹ́ pààrọ̀ aṣọ, á wọ balùwẹ̀, á ti ilẹ̀kùn. Gbogbo rẹ̀ ló ṣojú Julius. Ó rí wọn bí èèyàn ṣe ń rí ògiri ilé ara rẹ̀.

Èyí tó wá dùn ún jù ni ti Ganiyat. Ganiyat ti mọ̀. Ìgbàkígbà tí Agnes bá gbé gáùn yìí dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á gbé téèpù, á rí i pé ara ti tún fà sẹ́yìn, á sì fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Òun Julius, tí òun àti Agnes jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, ń bínú pé wọn ò fún òun ní gáùn rán.

Ó padà sí pálọ̀. Ó mú téèpù rẹ̀.

"Ìyá Pẹ̀lúmi, wá kí n wọ̀n ẹ́."

"Ṣebí mo ti fún yín ní àwòṣe," Agnes dáhùn láti ilé ìdáná.

"Mo ti yí i síta."

Ìró ṣíbí tó ń kan ìkòkò dáwọ́ dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Agnes tó jáde, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ tó ti gbẹ. Kò béèrè ohun tó rí. Ó dúró síwájú rẹ̀, ó bọ́ bùbá ńlá náà, ó ku ṣìmí nìkan lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń wo ògiri.

Julius wọn èjìká. Ó wọn apá. Nígbà tó fi téèpù yí àyà rẹ̀ ká, èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ gùn ju bó ṣe rò lọ. Ó ń rí egungun ìhà lábẹ́ ṣìmí. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ó kọ ìwọ̀n náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìròyìn.

Agnes ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Dókítà ní ṣúgà ló pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó kù díẹ̀ kí ẹ fẹ̀yìn tì. Irú èyí tó ṣe Àǹtí mi ní Ìkéré ni, tí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ wọn. Mò ń lo oògùn mi dáadáa. Wọ́n ní ó ti ń wálẹ̀. Ara ni kò tíì padà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sinmi ni," Agnes wí. "Ẹ̀ ń súfèé nínú ilé. Ẹ ò súfèé rí ní gbogbo ọdún tí ẹ fi ṣiṣẹ́. Mo ní kí n jẹ́ kí ẹ súfèé díẹ̀ sí i."

Inú bí Julius. Ó bí i gan-an. Ó ń bínú sí Agnes, ó ń bínú sí Ganiyat tí kò ṣẹ̀ ẹ́, ìbínú rẹ̀ sí ara rẹ̀ sì ju méjèèjì lọ. Ó fẹ́ jágbe, ó fẹ́ béèrè ẹni tó sọ fún un pé súfèé ló ṣe pàtàkì. Ó wo ọrùn Agnes, bó ṣe rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ìbínú náà kò rí ibi dúró sí.

"Gbé apá rẹ sókè," ó wí, ó sì fi téèpù yí ìbàdí rẹ̀ ká.

Ọ̀sán ni ó gé aṣọ. Ó gé e bí ẹni tí kò fẹ́ kó dun aṣọ náà. Agnes kò padà sí ilé ìdáná mọ́; ó gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì ń ka ibi tó máa kà lọ́la sókè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí òwú bá já, tí ojú Julius ò rí ihò abẹ́rẹ́, á na abẹ́rẹ́ sí i láìsọ̀rọ̀, Agnes á fi òwú sí i, á sì máa ka Bíbélì rẹ̀ lọ. Wọn ò sọ̀rọ̀ àìsàn. Julius béèrè bóyá ó fẹ́ àpò, Agnes ní òun fẹ́, kí òun lè fi áńkáṣíìfù sí i.

Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ gáùn, ó dúró. Aṣọ tó ṣẹ́ kù sínú fẹ̀. Gbogbo ohun tó ti kọ́ nínú fídíò lórí fóònù ní kó gé e dànù, kí inú aṣọ lè mọ́. Ó gbé àlùmọ́gàjí, ó tún gbé e kalẹ̀. Ó ṣẹ́ etí aṣọ náà sínú, ó sì fi ọwọ́ rán an mọ́lẹ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìyẹn gbà á ní àkókò ju gbogbo ìyókù gáùn náà lọ.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Agnes wọ̀ ọ́ nínú yàrá, níwájú díńgí, kò ti ilẹ̀kùn. Ó bá a mu. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ó pẹ́ tí Julius ti rí i kó wo ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí òun náà sì wà níbẹ̀. Ó lẹ́wà lójú rẹ̀, ó sì sọ fún un.

Agnes fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ gáùn náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ká etí rẹ̀ sókè, ó wo inú.

"Àyè tí ẹ fi sílẹ̀ yìí pọ̀."

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Bí ara bá padà, màá tú u."

Agnes fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé ojú ìrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Bí kò bá wá padà ńkọ́?"

Àdúrà ti dé orí ahọ́n Julius, èyí tí gbogbo èèyàn máa ń gbà kíákíá, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ó rí i lójú Agnes pé òun náà ń dúró dè é, pé ó ti ṣe tán láti ṣe àmín, kí ó sì lọ bọ́ aṣọ. Ó gbé àdúrà náà mì. Lálẹ́, á gbà á fúnra rẹ̀.

"Èmi ni màá bá ọ dín in kù nígbà náà," ó wí. "Kì í ṣe Ganiyat mọ́."

Agnes jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, gáùn tuntun náà lọ́rùn rẹ̀. Ó máa rún, Julius sì mọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ fún un pé kó dìde. Ó jókòó tì í. Agnes wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dá lọ sí ilé ìwòsàn, aṣọ tó wọ̀ lọ, àti orí ìjókòó tó wà nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.