Igi Àgbọn Ẹ̀yìn Ilé Sarkum

Ọgbọ̀n ọdún ni Sarkum fi ń gun igi àgbọn, tó ń dá omi dídùn ara rẹ̀ bí ẹní dá ẹmu, èyí tí ìyàwó rẹ̀, Tarmini, ń sè di ṣúgà. Ní abúlé wọn ní erékùṣù Jáfà, ẹni tó bá já bọ́ lórí igi ti di ẹni yẹ̀yẹ́. Nígbà tí àwọn adójútòfò wá kọ orúkọ àwọn tó ń gun àgbọn sílẹ̀, Sarkum dìde láàárín ìpàdé, ó ní, "Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá rọ̀ bí ìrẹsì ni kó lọ forúkọ sílẹ̀!"

Tarmini yọ́ lọ fi orúkọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, òun ló sì ń san owó oṣooṣù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Sarkum já bọ́ níbi tó ti ń lọ dá omi. Kì í tilẹ̀ ṣe lórí igi gíga. Àgbọn kúkúrú ẹ̀yìn ilé ni, èyí tí àwọn ọmọdé ń gùn ṣeré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kán. Ó wọ́ ìdí dé ilé ìwẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Mo yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀!"

Gbogbo abúlé gbà á gbọ́. Nílé ìwòsàn, dókítà ní àfi kí wọ́n fi irin sí ẹsẹ̀ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní gun igi mọ́ láyé. Owó rẹ̀ ju agbára wọn lọ.

Tarmini yọ káàdì kan jáde. "Bàbá Wiji, mo ti fi orúkọ yín sílẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Ilé ìwẹ̀ kì í ṣe ibi iṣẹ́."

Sarkum tẹjú mọ́ àjà. Nínú gbogbo irọ́ tó wà láyé, èyí tí kò ní jẹ́ kí wọ́n sanwó irin ẹsẹ̀ ẹ̀ ló lọ yàn.

"Ìyá Wiji, mi ò lọ wẹ̀."

"Mo mọ̀. Ara yín gbẹ."

Lọ́jọ́ kejì, òṣìṣẹ́ adójútòfò, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Wening, jókòó ti ibùsùn rẹ̀, ó ní òun fẹ́ ẹlẹ́rìí pé orí igi ló ti já bọ́ lóòótọ́. Dirwan, tí òun náà ń gun àgbọn, tó wá kí i, na ọwọ́ sókè.

"Èmi ni. Orí igi tó wà nítòsí ni mo wà nígbà tí wọ́n já bọ́. Kí n tó sọ̀kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti ń kígbe nílé ìwẹ̀."

"O rí mi, o wá dákẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní ẹ kì í já bọ́. Ta ni mo jẹ́ tí mo fi máa já yín nírọ́?"

Wening gbé bírò. "Bàbá, báwo ni igi yẹn ṣe ga tó?"

"Ó ga..."

Dirwan húkọ́.

Sarkum mí kanlẹ̀. "Kò ga. Ewúrẹ́ wa máa ń jẹ ewé ẹ̀. Ìṣísẹ̀ méjì péré ni mo tíì gùn."

"Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà?"

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Sarkum tẹ ìka sí ìwé náà. Nígbà tí wọ́n ń tì í lọ síbi iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì kan bi í pé kí ló ṣe é lẹ́sẹ̀. Tarmini fẹ́ dáhùn, Sarkum ṣáájú rẹ̀.

"Àgbọn ni, ọmọ mi. Èyí tó kúrú jù lábúlé."