Nítorí Abẹ́rẹ́ Haneef

Láàárọ̀ Ọjọ́rú ni nọ́ọ̀sì klíníìkì pè mí. Ó ní lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí èmi àti Haneef ń dúró de dọ́kítà, ọmọ kan tó ní èéyi wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú wa. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni Haneef, kò tíì tó gba abẹ́rẹ́ èéyi. Ṣùgbọ́n tí a bá tètè fún un kí ọ̀la tó di ọ̀sán, ó ṣeé ṣe kí àrùn náà má ràn án.

"Ẹ gbé e wá lónìí," ó ní.

Ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi là ń gbé ní Jonesboro, ní Amẹ́ríkà. Salaudeen ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbọ́dọ̀ pè é. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Nusaybah ọmọ rẹ̀, tó ṣì ń tọ̀ sílé nígbà tí mo dé, Eyínfúnjowó ni mò ń pè é. Bàbá rẹ̀, Alájì.

Alájì ní rárá.

"Ọlọ́run ti mọ odi yí ara ọmọ ká," ó ní. "Kí ni abẹ́rẹ́ fẹ́ ṣe níbẹ̀? Mo ti wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dùn. Èmi tí mo fúnra mi kọ́ ìwé kíkà, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ dídùn tó wo ibà sàn.

"Alájì, abẹ́rẹ́ tí ẹ gbà kí ẹ tó lọ Mẹ́kà ńkọ́?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Ti ẹ̀sìn nìyẹn."

Mo pe Nurain ọkọ mi, tó gbé ọkọ̀ ẹrù lọ sí Texas.

"Ìyá Haneef, jọ̀ọ́, má dá wàhálà sílẹ̀. Tí mo bá dé, màá bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀."

"Ìgbà wo lo máa dé?"

"Ọjọ́ Ẹtì."

Mo pa fóònù. Mo pọn ọmọ mi. Alájì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ni ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló máa gbé ẹ lọ?"

"Ẹsẹ̀ mi."

"Tí o bá gbé ọmọ yẹn jáde..."

"Salaudeen," mo ní, "kúrò lọ́nà."

Ó wò mí bí ẹni pé àga ló sọ̀rọ̀. Kí ẹnu rẹ̀ tó là, mo ti kọjá.

Mi ò tíì dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró nígbà tí mọ́tò Raheemat, ìyàwó Alájì, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Wọlé, ìyàwó. Àga Haneef wà lẹ́yìn."

"Aunty, wọ́n máa bá yín jà o."

"Ó ti pè mí. Ṣé lóòótọ́ lo pe orúkọ rẹ̀?"

"Mo pè é."

"Gbalaja báyẹn? Láìfi Alájì sí i?"

"Gbalaja."

Ó rẹ́rìn-ín títí a fi kọjá ibi tó yẹ ká yà. "Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, èmi gan-an ò dán an wò rí!"

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n gbà mú wa wọlé ní klíníìkì. Nọ́ọ̀sì ní àrùn náà ṣì lè ràn án, kí n má gbé e sáàárín ọmọ mìíràn, kí n máa ṣọ́ ara rẹ̀. Ó ní wọn ò sì ní ka abẹ́rẹ́ yìí mọ́ èyí tó yẹ kó gbà. Tó bá pé ọdún kan, yóò tún gbà á, yóò sì gba òmíràn kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé.

"A óò wá," mo ní.

Bí abẹ́rẹ́ ṣe wọlé, Haneef figbe ta. Mo ní kó ké dáadáa.

Nígbà tí a padà dé, Alájì wà lórí àga rẹ̀ ní pálọ̀.

"Kúnlẹ̀ kí o bẹ̀ mí."

Mo kúnlẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn mi.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Alájì."

Ó ń retí ìyókù. Mo dìde.

"Oṣù mẹ́rin sí i," mo ní, "a tún ń lọ."